Àfòpiná tí Wọ́n Rí Níbi tí Kò Yẹ Kí Ó Dé

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fi oko sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ kí ẹ lè wá jókòó síbí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí yín o. Ẹ bá mi gbé àga yín súnmọ́ iwájú díẹ̀, torí pé ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kòkòrò. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kòkòrò kẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí mọ́ ni?" Ẹ fara balẹ̀. Kòkòrò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ ààfin ọba rí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan gba orí òkun kọjá. Òmíràn sì wà nínú oko àgbàdo yín báyìí bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń jẹun.

Àlejò nínú iyàrá ọba

Ní ọdún 1801, ara Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yá. Kì í ṣe àìsàn ibà, kì í ṣe ti inú rírun. Orí ọba ló dàrú. Àwọn dókítà ń wọlé, wọ́n ń jáde, ọ̀kan nínú wọn sì ni Robert Darling Willis. Inú àìsàn yìí ni ọba wà tí wọ́n fi rí àfòpiná ńlá nínú iyàrá tó ń sùn.

Ẹ má ronú kan àwọn kéékèèké tó máa ń yí gílóòbù po lálẹ́ o. Èyí tóbi. Bó bá na ìyẹ́ rẹ̀ tán, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 13 láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Ara rẹ̀ nípọn, ó nírun, ó ní ilà dúdú àti àwọ̀ ìyeyè níkùn. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín ibi tí ìyẹ́ ti hù, àmì kan wà níbẹ̀ tó jọ agbárí òkú: ihò ojú méjì, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ pé. Bí o bá sì fọwọ́ kàn án, á ké. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àfòpiná tó ń ké, ohùn rẹ̀ sì ta jáde bíi ti èkúté.

Ẹ rò ó wò. Ọba ń ṣàìsàn orí. Òru ni. Kòkòrò tó gbé agbárí òkú sẹ́yìn wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó sì lóhùn. Bó bá jẹ́ ilé tiwa ni, kí là bá sọ?

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ ní àjẹ́ ni! Àwọn òyìnbó ìgbà náà kò yàtọ̀ sí wa. Jákèjádò Yúróòpù ni wọ́n ti ń sọ pé àmì ikú ni kòkòrò náà, pé ilé tó bá wọ̀, òkú yóò kú níbẹ̀. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé tó fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì lọ́dún 1758, fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà-bìnrin Gíríìkì àtijọ́ pè é, ìyẹn Atropos tó máa ń gé òwú ẹ̀mí ọmọ aráyé. Acherontia atropos ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún lónìí. Kí n lè máa rí nǹkan rọrùn pè é níwájú yín, màá máa pè é ní àfòpiná alágbárí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí dókítà yẹn ṣe. Kò ké sí ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wá. Kò fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ó mú un, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọdún tí wọ́n rí i àti ibi tí wọ́n ti rí i bá a lọ. Nítorí ìyẹn, ó ti lé ní igba ọdún, ohun tó mú nínú iyàrá ọba ṣì wà ní ilé àkójọ ẹranko ti Yunifásítì Cambridge. Ọba náà ti wàjà láti ọdún 1820. Àwọn tó ní àmì ikú ni, gbogbo wọn ti lọ. Kòkòrò yẹn nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí.

Ilé rẹ̀ dà?

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ àfòpiná yìí ní ońṣẹ́ ikú, ṣé wọ́n wo ilé rẹ̀? Wọn ò wò ó. Níbo wá ni ilé rẹ̀?

Áfíríkà ni. Ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, tiwa yìí náà wà nínú rẹ̀. Ìran Acherontia atropos ò lè gbé ní Ìlú Ọba láti ọdún dé ọdún, òtútù ibẹ̀ á pa á. Nígbà tí ooru bá dé sí àríwá ni yóò gbéra láti Áfíríkà àti etí òkun Mẹditaréníà, á máa lọ sókè, á ré kọjá Spéìnì, á ré kọjá Faransé, díẹ̀ nínú wọn á sì dé Ìlú Ọba. Wọ́n ti rí i ní àwọn erékùṣù Shetland, wọ́n ti rí i ní Iceland pàápàá, níbi tí yìnyín pọ̀ sí ju ewé lọ.

Bí ọ̀kan bá bà sára ògiri ní Ìlú Ọba, ìròyìn ńlá ni. Àwọn tó fẹ́ràn kòkòrò á máa pe ara wọn. Ẹlòmíràn á wakọ̀ láti ìlú dé ìlú nítorí kí ó lè fojú kàn án lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Àwa ńkọ́? Bó bá bà sára ògiri wa, kí là ń ṣe?

Ohun tó ṣọ̀wọ́n níbì kan, ará ilé ni níbòmíràn. Mo tún un sọ: ohun tó ṣọ̀wọ́n níbì kan, ará ilé ni níbòmíràn. Ohun tí ń bẹ nínú ìgbẹ́ wa, tí a kò wò lẹ́ẹ̀mejì, òun ni àwọn ẹlòmíràn ń fi àtùpà wá kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìgbé-ayé rẹ̀, torí ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Àfòpiná yìí máa ń yé ẹyin sára ewé. Ẹyin á pa, ohun tó bá jáde níbẹ̀ á máa rákò, á máa jẹ ewé tọ̀sán-tòru títí yóò fi tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà, á sì jù ú lọ pàápàá. Òmíràn aláwọ̀ ìyeyè ni, òmíràn aláwọ̀ ewé, òmíràn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìwo kékeré kan á sì wà nídìí rẹ̀. Bó bá yó tán, á wọ inú ilẹ̀ lọ, á yí padà níbẹ̀, ìgbà tó bá sì jáde ni yóò ní ìyẹ́. Ewé wo ló ń jẹ? Ewé ọ̀dùnkún òyìnbó, ewé ikàn, ewé tábà, ewé apíkán, àti ti igi mìíràn.

Àwọn àgbà ní, àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ẹ wo bí Yúróòpù ṣe ṣe àlejò àfòpiná yìí láìmọ̀. Ọ̀dùnkún kì í ṣe ohun ọ̀gbìn Yúróòpù láti ìbẹ̀rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá. Nígbà tí wọ́n wá gbin ín káàkiri gbogbo oko, oúnjẹ délẹ̀ fún ọmọ àlejò. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ọkọ́ wa ọ̀dùnkún, àwọn àgbẹ̀ ló máa ń hú u jáde nínú ebè, nígbà tó bá ń sùn nínú ilẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń rí i. Àgbẹ̀ ni.

Èyí tó dàgbà, tó ní ìyẹ́, kì í jẹ ewé mọ́. Oyin ló ń mu. Òru ni yóò wọnú ilé oyin, ilé tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oyin tó lóró nídìí! Báwo ni kò ṣe kú? Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Ara rẹ̀ ní òórùn kan tó bá òórùn oyin mu, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn onílé tètè dá a mọ̀. Ahọ́n rẹ̀ kúrú, ó sì le, ó fi ń lu ìdà tí oyin fi bo ẹnu afárá, á fà, á yó, á jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin oyin, bí ẹ bá bá òkú àfòpiná ńlá nísàlẹ̀ àpótí oyin yín, ẹ má jù ú nù. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ta ló ń lé e?

A kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a kò bá lé ejò, ejò ní ń lé ni. Kí ló lé kòkòrò tí kò wúwo ju owó ẹyọ kan lọ kúrò níbi tí oúnjẹ wà, tó fi ń lọ sí ìlú òtútù?

Oúnjẹ ni, ààyè ni. Ewé tuntun ń hù ní àríwá nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń gbá ti gúúsù gbẹ. Àwọn ọ̀tá tó ń jẹ ọmọ rẹ̀ nílé kò tíì dé ibẹ̀. Nítorí náà á lọ, á yé síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ á dàgbà níbẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, àwọn ọmọ yìí á kọjú sí gúúsù. Kì í ṣe ẹni tó lọ ló ń padà. Ìyá ló lọ, ọmọ ló ń bọ̀. Ọmọ tí kò gbé gúúsù rí, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀nà hàn. Ta ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni ilé?

Àwọn kan ní Jámánì pinnu láti tẹ̀lé e. Ìlú Konstanz ni wọ́n wà, nítòsí àwọn òkè Alps. Myles Menz àti Martin Wikelski pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tọ́ àfòpiná alágbárí láti kékeré nínú ilé, kí ó lè dájú pé kò sí èyí tó ti rin ọ̀nà náà rí. Wọ́n wá lẹ ẹ̀rọ rédíò mọ́ wọn lára, ẹ̀rọ tí kò tó gíráàmù kan, wọ́n tú wọn sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tẹ̀lé wọn nínú òkùnkùn. Àfòpiná 14 ni wọ́n tẹ̀lé. Wọ́n tẹ̀lé òmíràn fún wákàtí mẹ́rin, fún nǹkan bíi kìlómítà 80. Ọdún 2022 ni ìwé ìmọ̀ Science gbé e jáde.

Kí ni wọ́n rí? A rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé kòkòrò kiri. Àwọn àfòpiná yẹn kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé àwọn kiri. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn wọn bọ̀, wọ́n á gòkè, wọ́n á gùn ún. Bó bá ń kọlù wọ́n níwájú, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fò mọ́lẹ̀ níbi tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n á sì tẹra mọ́ ìyẹ́. Ọ̀nà wọn gún gbọọrọ, wọn kò ṣìnà. Kòkòrò tí ẹ ń wò yìí o, tí orí rẹ̀ kò tó ẹ̀wà méjì.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an. Nígbà tí mo kà á, mo pa ìwé náà dé, mo jókòó. Ohun tó ká mi lára ni pé ìdajì ìrìn náà ni wọ́n rí. Ìdajì kejì wà lápá ọ̀dọ̀ tiwa, ní Áfíríkà, níbi tí ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó pọ̀ níbẹ̀ tó ń ṣọ́nà.

Èyí tí èèyàn gbé wá

Kì í ṣe gbogbo àlejò ló fi ìyẹ́ ara rẹ̀ wá. Díẹ̀ ni màá sọ lórí èyí.

Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Bellevue, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n rí àfòpiná ràgàjì kan lára ògiri gáráàjì. Ẹni tó rí i sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Washington, ọ̀rọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Attacus atlas ni, láti ilẹ̀ Éṣíà. Ìyẹ́ rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 25, ìyẹn ni pé ó lè bo ojú àgbàlagbà. Ìjọba fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ǹjẹ́ àfòpiná lè fò láti Éṣíà dé Amẹ́ríkà? Èyí kò lè fò ó. Bó bá ti hu ìyẹ́ tán, kò lẹ́nu tó ṣeé jẹun mọ́, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un láyé. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ẹnì kan nínú ìlú kan náà ń ta irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó ṣì wà nínú ìtẹ́ tó fi ń sùn, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí a ta á tàbí kí a sìn ín láìgba àṣẹ. Ìyẹn ni pé èèyàn ni ọkọ̀ tó wọ̀ dé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àlejò, ìbéèrè kejì tí ẹ ó bi ni pé: ṣé ó fò wá ni, àbí wọ́n gbé e wá?

Labalábá etí òkun

Èyí tó fò wá, ẹ gbọ́ ìtàn tirẹ̀. Labalábá ni, kì í ṣe àfòpiná, ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló bí wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, Gerard Talavera, onímọ̀ nípa labalábá láti Spéìnì, wà ní etí òkun Guiana ti Faransé, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó rí àwọn labalábá kan lórí yanrìn. Ìyẹ́ wọn ti fàya, ó ti gbó. Ó wò wọ́n, ó sì dá wọn mọ̀: Vanessa cardui. Labalábá yìí wà ní Áfíríkà, ó wà ní Yúróòpù, ó wà ní Éṣíà. Kò sí ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ẹlòmíràn á ní, "Ó rẹwà o," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Talavera kò bá tirẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá wádìí bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n yẹ ìṣàn afẹ́fẹ́ ọ̀sẹ̀ náà wò. Wọ́n yẹ àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó bá ti àwọn ará Áfíríkà àti Yúróòpù mu. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n sì wádìí òdòdó tó ti wá. Igi méjì tó ń hù ní ẹ̀bá aṣálẹ̀ ilẹ̀ wa ni. Àwọn Hausa ń pe ọ̀kan ní sabara, wọ́n ń pe ìkejì ní kurna. Igi yìí kò sí ní Gúúsù Amẹ́ríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì máa ń yọ lásìkò òpin òjò.

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹlẹ́rìí wà lẹ́sẹ̀ labalábá. Ó jẹun ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó kọjá Òkun Àtìláńtíìkì, kìlómítà 4,200 ó kéré tán, láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ. Agbára ara rẹ̀ nìkan kò lè gbé e dé ìdámẹ́rin ọ̀nà náà. Afẹ́fẹ́ tó ń ti Sàhárà fẹ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn ló gbé e. Ọdún 2024 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta. Òkun kan náà ni agbo eṣú láti Áfíríkà gbà dé àwọn erékùṣù Caribbean lóṣù kẹwàá ọdún 1988, nítorí náà kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí kòkòrò yóò la òkun yẹn kọjá. Ṣùgbọ́n ti labalábá yìí, ẹnì kan tó wo ilẹ̀ dáadáa létí òkun ló jẹ́ kí a mọ̀.

Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́, 2016

Báyìí, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ dìde jókòó dáadáa. Mo ti dé oko yín.

Àlejò tó wá sílé tiwa ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ní oko àgbàdo IITA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí lórí ohun ọ̀gbìn, ní Ìbàdàn, àti ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kòkòrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo lọ́nà tí kò wọ́pọ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti rí i ní Benin, wọ́n ti rí i ní Tógò, wọ́n ti rí i ní São Tomé. Georg Goergen, tó ń ṣiṣẹ́ fún IITA ní Cotonou, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Spodoptera frugiperda ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè ní fall armyworm. Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Kò wọ Áfíríkà rí kí ẹnikẹ́ni mọ̀ títí di ọdún yẹn. Ilẹ̀ Yorùbá níbí wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Àfòpiná ni o! Ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Wọ́n mọ èyí tó ń rákò nínú ọ̀mùnú àgbàdo, tó ń jẹ ewé títí yóò fi kù wúrúwúrú, tí ìgbẹ́ rẹ̀ á kún inú ọ̀mùnú. Wọn kò mọ̀ pé nígbà tó bá dàgbà, àfòpiná kékeré aláwọ̀ eérú ni, òru ló ń fò, ó sì lè fò tó kìlómítà 100 lóru ọjọ́ kan. Obìnrin rẹ̀ kan lè yé ẹyin tó lé ní 1,000 kó tó kú.

Bàbá àgbẹ̀ kan lágbègbè wa sọ fún mi pé nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i, òun rò pé èyí tí àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, àwọn tó ń lu igi àgbàdo. Wọ́n fi oògùn tí wọ́n mọ̀ sí i. Kò gbọ́. Wọ́n tún fi sí i. Ẹ wo bí àlejò ṣe ń fi ara pamọ́: ó jọ onílé. Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, ṣùgbọ́n bí a kò bá wò ó dé ojú, a ó pe àlejò ní ará ilé, a ó sì máa fi oògùn ará ilé tọ́jú àlejò. Òjò àti owó á sì bá a lọ.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ gbé ọ̀kan tó ti tóbi díẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀: ilà funfun kan wà níbẹ̀ tó jọ lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ẹ wá wo ìdí rẹ̀: àmì dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹsẹ̀ tábìlì. Bí ẹ bá rí méjèèjì, òun ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tún un sọ fún mi: Y lójú, mẹ́rin nídìí. Ẹ ṣeun. Ẹ lọ fi kọ́ àwọn tó wà nílé.

Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Láàárín ọdún méjì sí i, kòkòrò yìí ti wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 ní Áfíríkà. Ọdún 2018, ó dé Íńdíà. Ọdún 2020, ó dé Ọsirélíà. A kò lè lé e lọ mọ́. Ohun tó kù ni pé kí a máa ṣọ́ oko láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù, kí a máa fọwọ́ tẹ ẹyin rẹ̀ pa lára ewé kí ó tó pa, kí a sì tètè ké sí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀.

Èyí ni mo ń bi yín: láàárín ọjọ́ tí àgbẹ̀ àkọ́kọ́ rí i àti ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n fojú kàn án, òru mélòó ló kọjá? Òru kọ̀ọ̀kan, kìlómítà 100.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín sí

Ẹ má jẹ́ kí n fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù nìkan. Àfòpiná kì í ṣe ọ̀tá wa lápapọ̀. Sányán ni baba aṣọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Níbo ni òwú sányán ti ń wá? Inú ìtẹ́ tí àwọn ọmọ àfòpiná kan ń hun sórí igi ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Anaphe. Òun ni àwọn bàbá wa ń já lórí igi, tí àwọn ìyá wa ń sè, tí wọ́n ń ran, kí ó tó dé orí òfì. Ẹni tó ń wọ sányán lọ síbi ìyàwó, ara àfòpiná ló fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó ń já ìtẹ́ yẹn mọ igi tó wà, wọ́n mọ oṣù tó ń yọ. Ìmọ̀ ni wọ́n ní, kò kàn sí nínú ìwé ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò gba owó púpọ̀. Bí ẹ bá rí kòkòrò tí ẹ kò rí rí, ẹ dúró ná. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé owó ẹyọ tàbí páálí ìṣáná tì í kí a lè mọ bó ti tóbi tó. Ẹ kọ orúkọ abúlé sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti àsìkò, ẹ kọ ewé tó bà lé tàbí ohun tó ń jẹ. Fọ́tò tí kò ní ibi, tí kò ní ọjọ́, òfìfo ni lójú àwọn onímọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ lè gbé e sórí iNaturalist lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó mọ kòkòrò káàkiri ayé á ti bá yín wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́, kí ó fi han òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dákẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè ṣe é ní ilé-ìwé. Àfòpiná tó lóun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa; gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ẹ lo ìwà rẹ̀ yẹn. Ẹ so aṣọ funfun kan mọ́ okùn lálẹ́, ẹ gbé iná síwájú rẹ̀, ẹ jókòó tì í. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń wá bà. Kí àwọn ọmọ kà wọ́n, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n kọ orúkọ èyí tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n fi àmì ìbéèrè sí èyí tí wọn kò mọ̀. Wákàtí kan tàbí méjì ti tó. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa iná, kí àwọn kòkòrò náà lè bá tiwọn lọ. Bí ilé-ìwé kan bá ṣe é lóṣooṣù fún ọdún kan, ilé-ìwé yẹn á ní àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Lọ́jọ́ tí àlejò gidi bá wá bà sórí aṣọ yẹn, àwọn ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, torí pé wọ́n ti mọ àwọn onílé.

Mo gbé aṣọ funfun kan wá, ó wà nínú ọkọ̀ mi, àtùpà náà wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó so ó mọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, lápá ibi tí igbó wà. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kí ó dúró, kí ó mú fóònù àti bírò dání. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè. Màmá tó wọ ìró aláwọ̀ ewé yẹn, mo ti rí ọwọ́ yín tipẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bi mí.